Bẹ́ńṣì Tí Kò Kọ́ni Ní Í Lé Ọmọ Lọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kò yọ òbí sílẹ̀, kò yọ olùkọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yọ akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó so fèrè mọ́ ọrùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ yìí, ńṣe ni wọ́n ń dorí òwe náà kodò. Ọmọ tí wọn kò kọ́ ni wọ́n tún ń dá lẹ́bi pé ó fi ilé sílẹ̀.

Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lo ọdún kan péré ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, yálà ní Àbújá ni o tàbí ní ìlú mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé, ó ga, ara rẹ̀ yá, wọ́n sì mú un sínú ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Ó ń jí lọ sí pápá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó ń sáré yí pápá ká, ó ń gbé omi, ó ń ṣa bọ́ọ̀lù jọ. Ọjọ́ ìdíje pé, ó wọ aṣọ, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ọjọ́ ìdíje kejì pé, ó tún jókòó. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ibi báyìí ni ó kù sí, ọ̀nà báyìí ni kí ó sì gbà tún un ṣe. Nígbà tí ọdún yóò fi yípo, ọmọ náà ti gba ibòmíràn lọ. Ó lè jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìgboro, ó sì lè jẹ́ òkè òkun. Lọ́jọ́ tí ó bá lọ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò mi orí, tí yóò wí pé, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní sùúrù."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òótọ́, ó sì ti pẹ́ jù kí wọ́n tó já irọ́ rẹ̀. Kì í ṣe àìnísùúrù ọmọ ni ó ń tú ikọ̀ ká. Bẹ́ńṣì tí kò kọ́ ọmọ ní ohunkóhun ni.

Olùkọ́ ni ó dá eré náà sílẹ̀

Ó dára kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, olùkọ́ eré ìdárayá kan, James Naismith, wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Springfield ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n fa kíláàsì kan lé e lọ́wọ́ tí àwọn olùkọ́ mìíràn kò rí tù lójú. Ìgbà òtútù ni, eré ìta kò ṣe é ṣe, ara àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sì gbé ìjókòó. Naismith kan apẹ̀rẹ̀ èso méjì mọ́ òkè nínú yàrá ìṣeré, ó kọ òfin 13, ó sì ní kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí ni ó fún eré náà ní orúkọ títí di òní.

Ọmọ mélòó ni ó wà ní kíláàsì náà? Méjìdínlógún ni. Àwọn mélòó ni ó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà? Àwọn méjèèjìdínlógún ni, mẹ́sàn-án ní apá kan, mẹ́sàn-án ní apá kejì. Kò sí ẹni tí ó jókòó. Olùkọ́ tí ó dá eré yìí sílẹ̀ kò fi í ṣe asẹ́ tí yóò máa yọ àwọn ọmọ kan dànù. Ó fi í kó gbogbo kíláàsì jọ ni.

Lónìí, márùn-ún máa ń dojú kọ márùn-ún. Ogójì ìṣẹ́jú ni eré kan. Bí wọ́n bá sọ ogójì ìṣẹ́jú náà di ọ̀nà márùn-ún, 200 ìṣẹ́jú ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ní lọ́wọ́ láti pín. Bí agbábọ́ọ̀lù méjìlá bá wà nínú ikọ̀, tí wọ́n sì pín in ní ọgbọọgba, ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n pín in bí ẹran ọdún. Ẹni tí ó mọ eré gbá jù ni kí ó gbá jù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi eré yìí wé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀: nínú ìdíje pàtàkì ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tí wọ́n bá yọ kò tún lè padà wọlé. Nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù lè jáde, kí ó tún wọlé, iye ìgbà tí ó bá wu akọ́nimọ̀ọ́gbá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé òun kò rí ìṣẹ́jú mẹ́rin péré fún akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, àyè kọ́ ni kò sí. Ẹ̀rù ni ó ń bà á.

Ẹ̀rù kí ni? Ẹ̀rù kí wọ́n má pàdánù ni. Ìdíje àwọn yunifásítì tí ń jẹ́ NUGA, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ìbàdàn ní 1966, àti èyí tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ń ṣe tí ń jẹ́ NICEGA, ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ń gbà. Ikọ̀ tí ó bá kọsẹ̀ ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni. Ọ̀gá àgbà ń retí ife-ẹ̀yẹ, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń retí ariwo ayọ̀. Àwọn márùn-ún kan náà yóò máa gbá a títí ẹsẹ̀ wọn yóò fi kọ̀, àwọn méje yòókù yóò máa pọn omi fún wọn. Ife-ẹ̀yẹ a wọ inú àpótí gíláàsì ní ọ́fíìsì. Kí ni àwọn méje náà mú lọ sílé?

Ìjókòó Ọlájùwọ́n

Àwọn tí ń gbèjà bẹ́ńṣì ní ẹlẹ́rìí kan tí wọn kì í gbàgbé. Hakeem Ọlájùwọ́n ni. Ọmọ Èkó ni, wọ́n bí i ní 1963. Ó yẹ kí inú gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ máa dùn sí ibi tí ó ti jáde, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ni: Muslim Teachers' College ní Èkó. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù ni ó ń gbá, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó dojú kọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní 1980, ó lọ sí Yunifásítì Houston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún àkọ́kọ́, kò gbá ìdíje kankan. Ní sáà kejì, 1981 sí 1982, nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 ni ó ń gbá nínú ogójì, kì í sì í sábà wà lára àwọn márùn-ún tí ń bẹ̀rẹ̀ eré.

"Ṣé ẹ rí i?" ni àwọn agbèjà bẹ́ńṣì ń wí. "Ọlájùwọ́n jókòó, kò lọ sí ibìkankan, ó sì di ọba láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

Òótọ́ ni pé ó jókòó. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ìtàn ni wọ́n ń sọ, àbọ̀ tí wọ́n sì gbé pamọ́ ni ó ṣe kókó. Nígbà tí sáà náà parí, Ọlájùwọ́n tọ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ lọ, ó sì béèrè ohun tí òun yóò ṣe kí ìṣẹ́jú òun lè pọ̀ sí i. Wọn kò pè é ní aláfojúdi. Wọn kò ní kí ó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n dá a lóhùn, wọ́n sì fi ọ̀nà hàn án: kí ó lo ìgbà ìsinmi láti máa bá Moses Malone gbá bọ́ọ̀lù. Malone yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó ta gbogbo àwọn yòókù yọ nínú ìdíje àwọn agbowó-gbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1982. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ Èkó ti lọ kọ́ bí àgbà ti ń fi ẹ̀yìn ti ènìyàn, bí wọ́n ti ń gba bọ́ọ̀lù lókè, àti bí wọ́n ti ń fara da ìforígbárí.

Èso rẹ̀ kò pẹ́ rárá. Ní sáà tí ó tẹ̀lé e, Ọlájùwọ́n ń jẹ ayò 13.9 ní ìpíndọ́gba, ó sì ń gba bọ́ọ̀lù 11.4 tí ó bá ta padà láti ara apẹ̀rẹ̀. Ní àṣekágbá 1983, North Carolina State fi 54 sí 52 na ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, síbẹ̀ òun tí ó wà nínú ikọ̀ tí ó pàdánù ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ. Ní 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tí ń wọ ipò agbowó-gbábọ́ọ̀lù lọ́dún náà. Michael Jordan ni wọ́n mú ṣe ẹ̀kẹta. Ní 1994 àti 1995, ó gba ife-ẹ̀yẹ pẹ̀lú Houston Rockets.

Ó hàn gbangba, nígbà náà, pé ẹlẹ́rìí tí wọ́n pè ta kò wọ́n. Ọlájùwọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì tí ó ní olùkọ́. Ó béèrè, wọ́n dáhùn. Ó ṣiṣẹ́, ìṣẹ́jú rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Sùúrù ni baba ìwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n baba tí ọmọ pè títí tí kò jẹ́, ilé ọ̀rẹ́ baba ni ọmọ náà yóò gbà lọ.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí ní Amẹ́ríkà

Àwọn kan yóò tún wí pé kí wọ́n kàn ti ilẹ̀kùn, kí ọmọ má lè jáde. Amẹ́ríkà ti dán èyí wò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí ó bá kúrò ní yunifásítì kan bọ́ sí èkejì níbẹ̀ ní láti jókòó fún odidi ọdún kan kí ó tó lè gbá ìdíje. Akọ́nimọ̀ọ́gbá, ní tirẹ̀, lè kọ̀wé sílẹ̀ lónìí kí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbòmíràn lọ́la. Ní 2021, àjọ NCAA tí ń ṣe àkóso eré yunifásítì níbẹ̀ gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí lẹ́ẹ̀kan láìjókòó. Ní 2024, wọ́n gbà kí ó ṣí iye ìgbà tí ó bá fẹ́, bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ṣáà ti dúró déédéé. Ní 2025, àwọn agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin tí ó fi orúkọ sílẹ̀ láti ṣí ní ìpele tí ó ga jù lọ lé ní 2,000.

Ìlẹ̀kùn ṣíṣí yìí ní àbùkù tirẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í pamọ́. Láti oṣù Keje 2021 ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń fi orúkọ wọn gba owó, láti oṣù Keje 2025 sì ni àwọn yunifásítì fúnra wọn ti ń san owó fún wọn tààrà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣí, owó ni wọ́n ń lé. Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá rò pé òun yóò bá wọn lé e, kí ó rọra, nítorí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò fún àlejò láàyè láti ṣiṣẹ́ owó bí ó ti wù ú. Ní ilé níhìn-ín pàápàá, ẹni tí ó bá fi ìbínú kúrò láàárín ẹ̀kọ́ lè rí i pé ìpele àkọ́kọ́ ni wọn yóò tún gbé òun sí níbi tí ó ń lọ. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe gbogbo ẹni tí ó ṣí ní ọ̀dàlẹ̀. Elizabeth Balógun, ọmọ Nàìjíríà, gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì mẹ́ta: Georgia Tech, Louisville àti Duke. Ní Georgia Tech, wọ́n yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tuntun tí ó dára jù lọ nínú líìgì wọn ní 2019. Ìdí tí ó fi ń ṣí, òun ni ó yé jù. Ohun tí gbogbo ayé rí ni pé ní 2024 ó wà lára ikọ̀ D'Tigress ní eré Òlíńpíìkì ní Paris, ikọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí yóò wọ ìpele àwọn mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Òlíńpíìkì. Ṣíṣí kò sọ ọ́ di asán.

Nígbà tí Àbújá fi gbogbo ikọ̀ jókòó

Bí ó bá ṣe pé àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan ni ó ni àṣà yìí, ìbá sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n Àbújá, níbi tí àwọn aláṣẹ wà, ti fi bí wọ́n ti ń ṣe é hàn wọ́n. Ní oṣù Kìíní 2022, àwọn adarí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ pín sí méjì, apá kan dìbò tirẹ̀ ní Benin, apá kejì dìbò tirẹ̀ ní Àbújá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ kéde láti Àbújá pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fọwọ́ sí i kí Nàìjíríà yọ ara rẹ̀ kúrò nínú gbogbo ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àgbáyé fún ọdún méjì, kí wọ́n lè tún ilé ṣe.

Àwọn adarí ni ó jà. Ta ni ó jókòó? Àwọn obìnrin D'Tigress ni. Wọ́n ti fi òógùn ara wọn gba àyè nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé tí yóò wáyé ní Sydney ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ní 2018, ìpele àwọn mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn ni wọ́n dé nínú irú ìdíje kan náà. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè, kò sì sí ẹni tí ó sọ ohun tí wọ́n ṣẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, ìjọba yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n FIBA ti fi àyè wọn fún Mali. Ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́lẹ́ẹ̀jì ń ṣe fún ọmọ kan ni ìjọba ṣe fún odidi ikọ̀: ó fi wọ́n jókòó, kò sì kọ́ wọn ní nǹkan kan.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìlù yí padà. Ní 2025, D'Tigress fi 78 sí 64 na Mali yìí kan náà ní Abidjan, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún léraléra. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n gbà wọ́n ní àlejò ní ilé ìjọba ní Àbújá. Igbákejì Ààrẹ, Kashim Shettima, kéde ní orúkọ Ààrẹ Bola Tinubu pé agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan yóò gba iye náírà tí ó tó 100,000 dọ́là, ilé oníyàrá mẹ́ta àti oyè OON. Ó tọ́ sí wọn, kí wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn, yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó kọ́ wọn ní eré. Ìkórè ni Àbújá mọ̀ ọ́n ṣe, inú oko ẹlòmíràn ni wọ́n ti gbìn ín. Pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì mélòó ni síméńtì rẹ̀ ti sán, tí irin apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ti tẹ̀ láìní àwọ̀n? Owó tí ó kọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ilé náà tó láti tún irú pápá bẹ́ẹ̀ ṣe ní ibi púpọ̀.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Àtúnṣe kò ṣòro, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ó ń fẹ́ owó. Èkínní, kí ikọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìṣẹ́jú. Ìwé akẹ́kọ̀ọ́ lásán tó bẹ́ẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbá, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú pátákó fún gbogbo ènìyàn láti rí. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ kì í ṣe é fi ojúsàájú ṣe pẹ́.

Èkejì, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá máa pe ẹni tí ó jókòó, kí ó sọ ohun méjì fún un lójúkojú: ibi tí ó kù sí, àti iṣẹ́ tí yóò ṣe láti tún un ṣe. Bí kò bá ní èsì sí ìbéèrè méjèèjì yìí, kò yẹ kí ó fi ọmọ náà jókòó.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n súnmọ́ ara wọn máa ṣètò eré fún àwọn tí kì í sábà gbá. Zuba kò jìnnà sí Gwagwalada. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ wà ní ti àkọ́kọ́, yunifásítì wà ní ti èkejì. Kò sí ife-ẹ̀yẹ, kò sí ìbẹ̀rù, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni yóò gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ lọ ní àlàáfíà, kí wọ́n má fi èsì ìdánwò tàbí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ gbẹ̀san. Àjọ tí ń ṣe àkóso eré ìdárayá orílẹ̀-èdè, tí ó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mínísítà ní 2024, wà ní Àbújá. Àjọ tí ń ṣe àkóso àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ náà wà ní Àbújá. Bí àjọ méjèèjì bá fohùn ṣọ̀kan, ohun mẹ́rin yìí lè di òfin fún gbogbo ikọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ó ku ti àwọn agbábọ́ọ̀lù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó di ẹrù, kí ó kọ́kọ́ béèrè, bí Ọlájùwọ́n ti béèrè. Kí ó béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá yàn fún un. Ẹni tí wọ́n dá lóhùn tí kò ṣiṣẹ́, tí ó sì lọ, kò ní ẹjọ́ láti rò. Ẹni tí ó béèrè tí wọn kò dáhùn, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ọ̀rọ̀ yìí kan kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ju ibikíbi lọ. Àwọn tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì níbẹ̀ lónìí ni fèrè yóò wà ní ọrùn wọn lọ́la, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama káàkiri ilẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá ṣe lò wọ́n ni àwọn náà yóò ṣe lo ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Bẹ́ńṣì ni ọwọ́ òsì. Ẹ̀kọ́ ni ọwọ́ ọ̀tún. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó bá lo ti òsì nìkan, kí ó má ṣe bú ọmọ tí ó bá ilẹ̀kùn lọ.